Ilé Tí A Gbé Sọdá Odò

Ilé náà wà léjìká wa nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. A ti dé àárín odò. Ọkùnrin mẹ́rìnlélógún ni wá, méjìlá níwájú, méjìlá lẹ́yìn. Ọparun gígùn la fi há ilé náà lábẹ́, omi sì ti dé itan wa. Bàbá Teroy tó ni ilé ló ń lọ níwájú. Ó gbé ère Isidro Mímọ́, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, mọ́ àyà, ó fi àkẹtẹ̀ tirẹ̀ bo ère náà lórí. Òjò ń pa orí òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ má dúró!" ó kígbe. "Ẹni tó bá dúró nínú omi, omi ni yóò bá sùn!"

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà ká lè ríbi kọjá," ni Sabas ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn láti abẹ́ ilé. "Ẹ̀yin gan-an lẹ dúró."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún iwájú ni mo wà. Mo mọ̀ pé bí ilé yẹn bá ṣubú sínú odò, ìyàwó tí mò ń wá bá a ṣubú nìyẹn.

Bí a ṣe dé inú omi rèé.

Mauban ni wọ́n bí mi sí, létí òkun. Ẹja ni bàbá mi ń pa, òun náà ni bàbá tirẹ̀ pa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, mo gbé ẹja gbígbẹ gòkè wá sí Lucban, lẹ́sẹ̀ òkè Banahaw. Mo wọ̀ sílé Àǹtí Osang, àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe sọ́sééjì tà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ta ẹja tán. Ebi ń pa mí. Mo ra pansit lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ni. Obìnrin náà bù ú sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó da ọtí kíkan lé e, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Mo ń wá ṣíbí.

Ọmọbìnrin kan dúró nítòsí, ó kó àkẹtẹ̀ mẹ́jọ lérí, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ó ń tà wọ́n.

"Kí lò ń wá?"

"Ṣíbí."

"Ará òkun nìyí. Ẹnu ẹ ni ṣíbí. Gbé ewé yẹn sẹ́nu, kí o máa fà á."

Mo fà á. Ọtí kíkan gba imú mi wọlé. Mo húkọ́ títí omi fi jáde lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ dà sílẹ̀. Mo bá a ṣà wọ́n. Ọ̀kan ti bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo ní kó ta ìyẹn fún mi.

"Ó ti dọ̀tí. Mi ò lè tà á."

"Orí mi náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí dáadáa nígbà náà. Narcisa lorúkọ rẹ̀. Ising ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Mo dé àkẹtẹ̀ yẹn padà sí Mauban. Láàárín oṣù náà, mo tún gòkè lọ sí Lucban lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja sì ń tà ní ìlú Tayabas ju ibẹ̀ lọ.

"Ambo," ni Sabas wí, "ṣé ẹja lò ń gbé lọ tà ni, àbí ara ẹ?"

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, mo bẹ Àǹtí Osang kó bá mi ṣe alárinà lọ́dọ̀ àwọn òbí Ising. Ó wẹ̀, ó wọ bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó di sọ́sééjì lọ́wọ́, ó lọ. Kò pẹ́ tó fi dé. Ó bọ́ bàtà kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá ẹ̀ ní rárá."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Òkun lo ti wá, òun lẹ̀ṣẹ̀ ẹ."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Bàbá Teroy àti Ìyá Mameng ní ọmọbìnrin méjì. Loleng ni àkọ́bí, Ising ni ìkejì. Loleng fẹ́ ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin náà ní àwọn ń lọ sí erékùṣù Mindoro fún oṣù mẹ́fà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Lẹ́tà méjì ló dé, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mọ́.

"Ó gba sọ́sééjì ṣá," ni Àǹtí Osang wí. "Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn jà kì í gba sọ́sééjì ẹ̀. A ó padà lọ."

A padà lọ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ilé wọn wà ní òdìkejì odò, ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ilé ọparun ni, imọ̀ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ó dúró lórí òpó mẹ́fà, òpó kọ̀ọ̀kan sì jókòó lé òkúta. Bàbá Teroy jókòó sí ẹsẹ̀ àkàsọ̀, ó ń pọ́n àdá. Kò gbójú sókè.

"Kí lo mọ̀ nípa ìrẹsì?"

"Mo mọ̀ ọ́n jẹ, bàbá."

Ìyá Mameng yíjú sí ògiri kí a má rí ẹ̀rín rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń gbé orí omi, kò sẹ́ni tó ń rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀," ó wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ọmọ mi rí?"

"Ẹ̀gbọ́n Teroy," ni àǹtí mi dá sí i, "kì í ṣe òun ló lọ sí Mindoro."

"Mo mọ̀. Òun ló kàn báyìí."

Ó pọ́n àdá títí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó nàka sí ère kékeré tó wà lẹ́bàá fèrèsé, Isidro Mímọ́ pẹ̀lú màlúù rẹ̀ méjèèjì.

"Níwájú eléyìí ni mo ti ń sọ ọ́. Kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna níbí. Kó pọnmi, kó lagi, kó gún ìrẹsì. Ọjọ́ tí Isidro Mímọ́ bá gba iwájú ilé mi kọjá, ọjọ́ yẹn ni mo fún un ní Ising. Kò ní yá jù bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀."

Àǹtí Osang fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Inú rẹ̀ dùn. Ní Lucban, ìwọ́de tí wọ́n fi ń gbé ère Ẹni Mímọ́ lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ kì í gba gbogbo ìlú. Ọ̀nà kan lọ́dún kan ni, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ọdún tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò ló kàn ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀. Oṣù méje péré ni.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ilé àǹtí mi ni mò ń sùn, ilé wọn ni ilẹ̀ ń mọ́ bá mi. Àṣà ni pé ẹni tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ kì í bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ising kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń túlẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. A máa ń so ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ilé.

"Ẹfọ̀n," á wí, "sọ fún ẹnì kan pé igi tó là ti nípọn jù. Ṣé ilé ló fẹ́ fi kọ́ ni?"

"Ẹfọ̀n," èmi náà á wí, "sọ fún ẹni tó rán ẹ pé mo gbọ́."

"Ẹfọ̀n, bi í pé ṣé àkẹtẹ̀ tó dọ̀tí yẹn náà ló ṣì ń dé."

"Ẹfọ̀n, òun náà ni."

Ìyá Mameng máa ń jókòó sórí àkàsọ̀ lásìkò yìí, á máa hun àkẹtẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹfọ̀n náà kò sọ nǹkan kan.

Ní oṣù kejìlá, ìjì jà. Odò kún, ó gbé afárá lọ. Wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe kó tó di ọdún Isidro Mímọ́. A ń gba orí òkúta sọdá. Èmi ń ru omi mímu sọdá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, a bẹ̀rẹ̀ kiping. Ewé ìyẹ̀fun ni, òun ni wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìwọ́de. Wọ́n á lọ ìrẹsì, wọ́n á fi aró pupa tàbí ewéko sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé igi, wọ́n á sè é lórí ooru omi. Bó bá jiná, wọ́n á ṣí i kúrò lára ewé. Gbogbo iṣan ewé náà á hàn lára rẹ̀. Ìyá Mameng àti Ising ṣe ọ̀ọ́dúnrún lọ́jọ́ méjì. Ìyá Mameng ní kí n bá àwọn gbẹ ẹ́, ó lọ sọ́jà.

Ará òkun ni mí. Ohun tí wọ́n bá ní kí n gbẹ, oòrùn ni mò ń sá a sí. Mo tẹ́ ẹní sórí koríko, mo to wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹja, mo tún yí wọ́n padà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti ká kò bí etí ajá. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó rún.

Bàbá Teroy ti oko dé. Ó dúró tì wọ́n. Mo ń retí àdá.

"Ó sá wọn bí ẹja," ó wí.

Ó jókòó sórí àkàsọ̀. Mo rò pé ẹ̀kún ló ń sun. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Mameng! Mameng, wá wo ẹja ìrẹsì!" Ìyá Mameng kò tíì dé. Ising ló yọjú lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lẹ́yìn náà ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Abẹ́ ilé ni, níbi tí oòrùn kò dé. Ewé kan lórí ìkejì, pákó lórí, òkúta lórí pákó. Ọwọ́ rẹ̀ le, kò sì fọ́ ẹyọ kan.

"Loleng náà fọ́ tirẹ̀ lọ́dún kan," ó wí. "Ó gbé e sẹ́bàá iná."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó parí oṣù náà, Fadá kéde ọ̀nà tí ìwọ́de máa gbà. Kò sí afárá. Wọn kò lè gbé Ẹni Mímọ́ sọdá lórí òkúta. Ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò gbà lọ́dún yìí. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò yóò dúró di ìgbà tí yóò tún kàn án. Ọdún márùn-ún.

A kọrí sílé. Àǹtí Osang tẹ̀ lé wa. Inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní afárá yẹn kò wó…"

"Ó wó."

"Ọmọ yìí ṣe oṣù méje. Ẹ wo èjìká ẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́?"

"Èmi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo ti sọ ọ́ níwájú rẹ̀." Ó nàka sí ère. "Ṣé kí n wá lọ sọ fún un pé mo parọ́ ni?"

"Ó máa gbọ́ ọ yé."

"Ẹyin lohùn, Osang. Ó ti bọ́."

Ojú rẹ̀ kò le bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo rí i pé òun náà kò mọ bí òun ṣe lè jáde nínú ọ̀rọ̀ ara òun.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ising wà lábẹ́ ilé pẹ̀lú ẹfọ̀n. Kò yíjú sí mi.

"Ẹfọ̀n," ó wí, "mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Sọ fún un pé bó bá ń lọ, kó lọ ní òwúrọ̀, kí n lè rí ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa."

Mo kó ẹrù mi. Ní òwúrọ̀ Ajé, mo lọ jókòó sí ibi tí bọ́ọ̀sì Mauban ti ń gbé èrò. Mo rò ó. Ọkọ̀ bàbá mi ń dúró dè mí. Ọdún márùn-ún pọ̀. Ọkùnrin tó bá lọ sílé nísinsìnyí kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. Mo tún rò ó. Bí mo bá lọ, òtítọ́ ni Bàbá Teroy sọ nípa ará òkun. Bọ́ọ̀sì kejì dé. Awakọ̀ ní, "Ṣé ò ń wọlé, àbí o fẹ́ ra ìjókòó yẹn ni?" Mo ní kó máa lọ.

Mo dé ìsàlẹ̀ odò kí oòrùn tó mú. Bàbá Teroy ń so okùn mọ́ ohun ìtúlẹ̀.

"Bàbá, ọdún márùn-ún. Ó dáa. Ṣé igi ni kí n kọ́kọ́ là, àbí kí n pọnmi?"

Ó fa okùn náà le.

"Kò sẹ́ni tó ní kó o padà wá."

"Kò sẹ́ni tó ní kí n má wá."

"Pọnmi," ó wí.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, a ń jẹun ọ̀sán. Èmi wà lórí àkàsọ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fún mi lóúnjẹ. Ìyá Mameng, tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, sọ̀rọ̀.

"Teroy, nígbà tó o fẹ́ mi, níbo ni ilé yìí wà?"

"Lẹ́bàá oko bàbá mi."

"Báwo ló ṣe dé ibí?"

Ó ṣíwọ́ jíjẹ. "A gbé e ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Obìnrin náà bu ìrẹsì kún àwo ara rẹ̀. "Osang ní ilẹ̀ òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Bàbá Teroy yíjú sí ère tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lèyí, Mameng."

"Ṣé o mọ bí ilé yìí ṣe wúwo tó? Ọgbọ́n tó bá wúwo tó báyẹn ti di iṣẹ́. Isidro Mímọ́, àgbẹ̀ ni. Ó mọ iṣẹ́."

Ó jẹun tán, ó padà sóko. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń kó ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan.

"Kí lò ń wò?" ó wí. "Gbé àwo."

Ọkùnrin ló kù. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé ilé ní Lucban, gbogbo àdúgbò ló ń jáde, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, oníkálukú ń ṣe ilé tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. A rí mọ́kànlá. Èmi ṣe ìkejìlá. Mo ránṣẹ́ sí Mauban. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún, Sabas dé pẹ̀lú ọkùnrin mọ́kànlá tí wọ́n jọ ń fa ọkọ̀ gun iyanrìn. Bàbá Teroy wo ẹsẹ̀ wọn láìsí bàtà.

"Ará òkun méjìlá," ó wí.

"Mẹ́tàlá, bàbá," ni Sabas wí. "Ẹ ti gbàgbé èyí tó ń pọnmi fún yín."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé inú odò.

Imọ̀ orí ilé mu òjò, ilé wá wúwo sí i. Omi ń pọ̀. Àwọn ará òkè ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ìgbà tí wọ́n wà nínú oko ìrẹsì, odò sì ń gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ̀, ó wọ omi dé ọrùn. Ilé tẹ̀ sí apá wa. Mo gbọ́ ọparun tó ń ké. Eékún mi kan òkúta.

"Ó ń ṣubú!" ẹnì kan ké.

Ising ti ń sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbá adìyẹ kan mọ́ra. Bàbá Teroy yí padà, ó gbé ère fún un, ó wọ abẹ́ ilé, ó fi èjìká sí ibi tí ọkùnrin yẹn ti yọ̀. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Etí rẹ̀ kan etí mi.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀!" ni Sabas pariwo. "Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ omi. Ẹ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wọ́ ọ! Bàbá, ẹ̀yin náà!"

"Mo gbọ́!" ni Bàbá Teroy wí. Ó wọ́ ọ.

Àwọn ará Mauban bẹ̀rẹ̀ igbe tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀. Àwọn ará Lucban gbà á lẹ́nu wọn. Ilé náà dìde tààrà, a sì wọ́ ẹsẹ̀ títí iwájú fi gun èbúté. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, Bàbá Teroy dúró, ó ń mí.

"Ta ló kọ́ yín ní ìrìn yẹn?" ó bi Sabas.

"Òkun ni, bàbá."

"Hmm," ó wí. Ó gba adìyẹ lọ́wọ́ Ising.

Òjò dá. A tún gbé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé náà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Osang.

Kiping tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì kò pọ̀. A fi kọ́ etí òrùlé. Ìyá Mameng so ẹ̀wà gígùn àti ìkàn sí fèrèsé, Àǹtí Osang so sọ́sééjì. Ibì kan ṣì ṣófo. Sabas so ẹja gbígbẹ síbẹ̀, okùn mẹ́ta. Mo rò pé Bàbá Teroy máa tú u. Ó wò ó, ó tún okùn kan so dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, ìwọ́de dé. Fadá wọ́n omi sí ilé wa bó ṣe wọ́n ọn sí ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbé Isidro Mímọ́ kọjá. Bàbá Teroy ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ère náà yí kọ́nà, ó dé e padà.

"Ó ti kọjá," ó wí. "Osang, lọ pe àwọn òbí ọmọ yìí."

Ising kò wá ẹfọ̀n. Ó yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn.

"Ambo, bọ́ àkẹtẹ̀ yẹn sọnù."

Mi ò bọ́ ọ sọnù.

Bàbá àti ìyá mi gun àkàsọ̀ ilé náà lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tọrọ Ising bó ṣe yẹ. A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹfà, nínú òjò. Wọ́n fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún Loleng. Kò wá.

Wọ́n tún afárá ṣe lọ́dún kẹta. Bàbá Teroy ní kí a má gbé ilé padà, pé èjìká òun ń dun òun. Ó kú ní 1971. Ìyá Mameng tẹ̀ lé e. Mo wá mọ ìrẹsì í gbìn. Ising bí ọmọ márùn-ún. Ọdún kẹrin rèé tí mo sin ín.

Ilé náà ṣì wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi páànù pààrọ̀ imọ̀ rẹ̀, mo sì ti pààrọ̀ òpó mẹ́rin. Ní òdìkejì odò, òkúta mẹ́fà tó jókòó lé tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.